Bí Ìbàdàn Ṣe Ní Ìwé Ìròyìn Tirẹ̀

Abẹ́òkúta ló ṣáájú. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., gbé Ìwé Ìròhìn jáde níbẹ̀. Ó di ọdún 1924 kí D. A. Obasa tó gbé The Yoruba News jáde n'Ìbàdàn, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé kan ṣoṣo. Obasa ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Ilare Press, ibẹ̀ gan-an sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ lè tẹ rìsíìtì, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Owó ìwọ̀nyí á máa ra bébà fún ìròyìn.

Lẹ́tà òjé ni wọ́n fi ń tẹ̀wé nígbà náà. Atòlẹ́tà á di irin tẹ́ẹ́rẹ́ mú lọ́wọ́ òsì, á fi ọ̀tún máa ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpótí, á sì máa tò wọ́n ní ìdoríkodò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ iṣẹ́ á máa fi b pe d, á máa fi n pe u. Ti Yorùbá tún wá le jù: ẹ, ọ àti ṣ ń fẹ́ lẹ́tà tiwọn. Bí ọ bá tán nínú àpótí, àfi kí wọ́n tẹ ojú ìwé tó wà nílẹ̀, kí wọ́n tú lẹ́tà rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n fi o lásán dí i. Ibẹ̀ ni ọkọ ìyàwó ti ń di oko. Bí ojú ìwé tí wọ́n ti tò bá wá já bọ́ kí wọ́n tó dè é, iṣẹ́ ọjọ́ kan ti fọ́nká sílẹ̀ nìyẹn.

Ìwé ìròyìn ńlá dé lẹ́yìn náà: Nigerian Tribune ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1949, Daily Sketch ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1964. Wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun, ṣùgbọ́n òṣèlú gba iwájú, ọ̀rọ̀ àdúgbò bọ́ sẹ́yìn.

Fóònù ti yanjú ọ̀rọ̀ àmì ìsàlẹ̀ báyìí, bébà kò sì pọn dandan mọ́. Ohun tó ṣì wọ́n ni ẹsẹ̀ akọ̀ròyìn tó ń rìn kiri àdúgbò. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Ìbàdàn. Ní tiwa, ilé ìtẹ̀wé tó ń tẹ kálẹ́ńdà àti pósítà òkú lónìí ló yẹ kó gbà á ṣe bíi ti Obasa: kí ó ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹnì kan tí yóò jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ Mápó láti àárọ̀, tí yóò kọ orúkọ àwọn tó ń du ilẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tó pé.