Kì Í Ṣe Sìǹtẹ́tíìkì Ló Ń Mú Kí Kílọ́ọ̀ṣì Alùpùpù Máa Yọ̀

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn mẹkáníìkì wọn, pé ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí ọ́ìlì míníràlì, ìyẹn èyí tí wọ́n fọ̀ láti ara epo rọ̀bì, bá ti mọ́ lára kò gbọdọ̀ fẹnu kan sìǹtẹ́tíìkì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ní ilé-iṣẹ́, láéláé. Wọ́n ní bí a bá dán an wò, kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀: ẹ́ńjìnnì á máa ké, alùpùpù kò sì ní sáré, pàápàá bó bá gbé èrò méjì tó ń gun òkè bíi ti Màpó ní Ìbàdàn. Wọn kò parọ́ nípa ohun tí ojú wọn rí, nítorí kílọ́ọ̀ṣì àwọn kan yọ̀ lóòótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé wọ́n di ẹ̀bi ru sìǹtẹ́tíìkì, nígbà tó jẹ́ pé èròjà mìíràn tó wà nínú ike ọ́ìlì náà ló ṣe é.

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́tò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í dé ibi tí kílọ́ọ̀ṣì wà rárá. Ti alùpùpù yàtọ̀. Nínú irú Bajaj Boxer àti TVS tí a ń rí lójú pópó, ọ́ìlì kan náà, tí kò ju bíi lítà kan lọ, ló ń ṣiṣẹ́ fún písítìnì, fún gíà àti fún kílọ́ọ̀ṣì, inú rẹ̀ gan-an sì ni àwọn pléètì kílọ́ọ̀ṣì ti ń yí. Àwọn pléètì wọ̀nyí gbọ́dọ̀ di ara wọn mú ṣinṣin kí agbára ẹ́ńjìnnì tó lè dé táyà ẹ̀yìn. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò, ní tiwọn, sábà máa ń fi èròjà kan sí i kí irin lè máa yọ̀ lórí irin, kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Ohun tó jẹ́ èrè fún mọ́tò di ìpalára fún kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù, yálà míníràlì ni wọ́n fi èròjà náà sí tàbí sìǹtẹ́tíìkì. Nítorí pé èròjà yìí wọ́pọ̀ nínú ọ́ìlì mọ́tò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú 0W-20 àti 5W-30, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ sìǹtẹ́tíìkì, ẹni tó bá ra ike ọ́ìlì mọ́tò fún alùpùpù rẹ̀ ló ń padà wá sọ pé sìǹtẹ́tíìkì ba alùpùpù òun jẹ́.

Ìdí nìyí tí àjọ JASO ti ilẹ̀ Japan fi gbé ìlànà T 903 jáde ní ọdún 1998 fún ọ́ìlì àwọn alùpùpù tí kì í po ọ́ìlì mọ́ epo pẹtiróòlù. Ọ́ìlì tó bá gba àmì MA ni èyí tí kílọ́ọ̀ṣì kì í yọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín MA sí MA1 àti MA2, MA2 ló sì ń jẹ́ kí pléètì di ara wọn mú jù. MB wà fún àwọn alùpùpù tí kílọ́ọ̀ṣì wọn kò sí nínú ọ́ìlì. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń fún ọ́ìlì ní àwọn àmì wọ̀nyí kò béèrè bóyá míníràlì ni tàbí sìǹtẹ́tíìkì. Ẹ yí ike náà padà kí ẹ tó sanwó: bí ẹ bá rí Resource Conserving, tó túmọ̀ sí pé ọ́ìlì náà ń dín epo tí mọ́tò ń jẹ kù, nínú àmì róbótó API, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń fi òǹtẹ̀ lu ọ́ìlì, ẹ má rọ ọ́ sínú alùpùpù tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nínú ọ́ìlì.

Àwọn kan tún ní sìǹtẹ́tíìkì ṣàn bí omi, pé kò lè dáàbò bo ẹ́ńjìnnì wa. Nọ́ńbà ara ike ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọ́ìlì tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 40 gbọ́dọ̀ wà láàárín 12.5 sí 16.3 centistokes (òṣùwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó) nígbà tó bá gbóná dé 100°C, èyí tó jẹ́ 50 sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 16.3, irú yòówù kó jẹ́. Bí ìwé alùpùpù yín bá ní 20W-50, ẹ má kúrò lórí rẹ̀ láìnídìí.

Ní tèmi, ibi tí sìǹtẹ́tíìkì ti tó owó rẹ̀ ni inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán gangan. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń mú irú ẹ́ńjìnnì yìí tutù, bí alùpùpù bá sì dúró tẹrù-tẹrù sínú oòrùn, afẹ́fẹ́ náà kò fẹ́ mọ́. Irú ooru bẹ́ẹ̀ tètè máa ń ba míníràlì jẹ́ ju sìǹtẹ́tíìkì lọ. Ẹni tó bá sì ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò lè máa lo míníràlì tó ní àmì MA láìséwu.

Àwọn mìíràn ní sìǹtẹ́tíìkì ló ń mú kí ọ́ìlì máa jò, ṣùgbọ́n síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde, tó ti gbó tó sì ti le ló ń jẹ́ kó jò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ́ìlì àtijọ́ ló dí ojú ihò náà, ọ́ìlì tuntun sì lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ pààrọ̀ síìlì náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí láti fi epo pẹtiróòlù tàbí dísẹ́ẹ̀lì fọ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó yí ọ́ìlì padà, nítorí èyí tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ yóò sọ ọ́ìlì tuntun di fẹ́lẹ́. Míníràlì àti sìǹtẹ́tíìkì kì í bá ara wọn jà. API fúnra rẹ̀ ń béèrè pé kí ọ́ìlì tó bá gba àmì rẹ̀ lè dàpọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ da ti àtijọ́ nù, ẹ pààrọ̀ fílítà bó bá ní, kí ẹ sì rọ tuntun.

Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti ń yọ̀ nítorí ọ́ìlì mọ́tò tí a ti rọ, ẹ kọ́kọ́ yẹ okùn kílọ́ọ̀ṣì wò bóyá ó fà le jù, ẹ da ọ́ìlì náà nù, kí ẹ sì rọ èyí tó ní MA2. Bí ó bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti gùn ún fún ìgbà díẹ̀, ó di dandan kí mẹkáníìkì tú u, kó sì wo bí pléètì ṣe jẹ tó.