Stéèjì lymphoma: ibi tó dé ló ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tó kù

Tí dókítà bá ti sọ fún ọmọ ọdún 22 kan n'Òṣogbo pé kókó tó so sí i lọ́rùn yẹn, lymphoma ni, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ohun tí gbogbo ará ilé máa kọ́kọ́ bèèrè ni "stéèjì mélòó?", wọ́n á sì ti máa gbàdúrà kó má jẹ́ 4. Nọ́ńbà yẹn ò ka ọjọ́ ayé ẹnì kankan o.

Wọ́n gbọ́dọ̀ ti yọ kókó yẹn lọ yẹ̀wò ná, odidi ẹ̀ ló sì dáa jù, torí èyí tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fà lè má tó wò. Ibí yìí gan-an làkókò ti máa ń ṣòfò lọ́dọ̀ wa, torí TB náà máa ń mú kókó so lọ́rùn, ó ń fa ibà, ó ń mú èèyàn rù, ẹlòmíì á ti lo oògùn TB lọ bí ilẹ̀ bí ẹní kó tó dọ̀rọ̀ àyẹ̀wò kókó.

Lẹ́yìn náà ló kan skáànù, látọrùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. CT ni ọ̀pọ̀ ń ṣe, PET-CT ló mọ́ jù, àmọ́ owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó sì lè gba kéèyàn jáde nílùú.

Bí wọ́n ṣe ń kà á rèé: iṣan pẹrẹsẹ kan wà tó la àyà àti ikùn láàárín, bí rélùwéè ṣe la Òṣogbo. Tó bá jẹ́ ojú kan ni kókó wà, 1 nìyẹn. Tó bá jẹ́ ojú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ àmọ́ tí ò tíì sọdá rélùwéè, 2. Tó bá ti wà lápá méjèèjì, 3. 4 ni pé ó ti tàn dé mùdùnmúdùn eegun, ẹ̀dọ̀, àbí káàkiri ẹ̀dọ̀fóró. Látọdún 1971 ni wọ́n ti ń kà á báyìí, wọ́n sì tún un ṣe ní 2014.

Wọ́n tún lè fi lẹ́tà B sí i, pàápàá tó bá jẹ́ Hodgkin, irú lymphoma kan tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́: ibà tó ju 38 lọ, òógùn òru tó ń mú aṣọ tutù rinrin, tàbí kéèyàn rù ju ìdá mẹ́wàá lọ láàárín oṣù 6, bí ẹni tó wọn kílò 60 tẹ́lẹ̀ tó wá wálẹ̀ sí 53. Tí ìkankan ò bá sí, A ni.

Hodgkin stéèjì 4 gan-an, kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, ń wo ọ̀pọ̀ sàn. Àmọ́ tó bá ti lọ tán pátápátá, 4B tí wọ́n kọ sí fáìlì níjọ́ kìíní ṣì máa wà níbẹ̀, wọn kì í yí i padà. Ẹ jẹ́ ká tètè mọ̀ ọ́n, kí màmá má baà ṣí fáìlì lọ́dún tó ń bọ̀ kó tún figbe ta.