Ẹ ti fi ceramic sí mọ́tò yín. Ẹ ṣì máa fọ̀ ọ́

Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ná ceramic coating ni pé ìdọ̀tí ò ní lè lẹ̀ mọ́ ọ̀dà mọ́. Wọ́n á gba ibẹ̀ sọ ọ́ di pé fífọ mọ́tò ti parí, pé òjò tó bá ti rọ̀ ti bá wọn fọ̀ ọ́. Kò ní pẹ́ tí ọ̀dà á fi ṣú, tí òrùka funfun á kún ojú rẹ̀, wọ́n á wá ní oníṣẹ́ lu àwọn ní jìbìtì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn o. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ceramic náà wà níbẹ̀, ìdọ̀tí ló bò ó mọ́lẹ̀.

Oògùn olómi ni ceramic yìí. Silica, èròjà tó wà nínú gíláàsì àti iyanrìn, ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi pa ojú ọ̀dà, á dì, á di awọ tín-ín-rín tí ojú ò lè rí. Ìnípọn rẹ̀ kì í sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 1 tàbí 2 lọ. Máíkírọ́ọ̀nù 1,000 ló sì wà nínú mílímítà kan. Fáníìṣì tí wọ́n fi bo ọ̀dà láti ilé-iṣẹ́ máa ń tó máíkírọ́ọ̀nù 40 sí 50. Ohun tó fẹ́lẹ́ tó báyìí ò lè dá òkúta tí táyà ọkọ̀ iwájú ta dúró.

Ẹ óò tún rí "9H" lára páálí rẹ̀. Àwọn kan rò pé ìwọ̀n tí díámọ́ńdì ti jẹ́ 10 ni wọ́n ń sọ. Rárá o, pẹ́ńsù ni. Wọ́n máa ń ti ẹnu pẹ́ńsù sójú ọ̀dà, láti orí èyí tó rọ̀ dé orí 9H tó le jù, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa họ ọ́. Ojú tí pẹ́ńsù ò họ, iyanrìn á họ ọ́. Iyanrìn ló sì ń bà lé mọ́tò lójoojúmọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù.

Ibi tí ẹ̀tàn pọ̀ sí jù ni omi tó ń ká jọ. Ẹ da omi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ṣe róbótó róbótó bí ìgbà tó bà lé ewé kókò, á yí dànù. Ó dùn ún wò, òun náà ni wọ́n sì fi ń polówó. Òótọ́ ni pé omi tó ń yí yẹn máa ń gbá eruku tí kò tíì lẹ̀ dání lọ. Àmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tẹ́jú, òrùlé náà tẹ́jú. Ìkán omi tí ò bá rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yí sí á jókòó síbẹ̀, oòrùn á sì mú un. Bó ṣe ń gbẹ ni calcium àti magnesium inú rẹ̀ ń kóra jọ sójú kan, nítorí omi náà ò tẹ́ ká. Òrùka funfun ló máa kù. Ẹ fi ìka pa á, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára; ẹ nù ún, kò lọ. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, ó lè jẹ wọnú awọ náà. Lójú tèmi, ẹni tó ní ceramic gan-an ló yẹ kó máa nu mọ́tò gbẹ jù.

Àwọn mìíràn gbà pé ọjọ́ tí omi ò bá ká jọ mọ́, ceramic ti tán nìyẹn. Wọ́n yára jù. Èéfín, ọ̀rá ojú títì àti èérún irin tó ń jáde lára bíréèkì máa ń pa ojú ọ̀dà dé, omi á wá máa bá ìdọ̀tí yẹn pàdé dípò ceramic. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ ìfọmọ́tò fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí kò bá yí padà, ẹ fọ́n oògùn tí í yọ èérún irin sí i lábẹ́ ibòji. Ibi tí irin bá wà á pọ́n bí àlùkò, á máa ṣàn wálẹ̀. Ẹ ṣan án kó tó gbẹ. Bí omi ò bá ká jọ lẹ́yìn gbogbo èyí, nígbà náà ni kí ẹ tó sọ pé ó ti lọ.

Ní ti fífọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ kàn án ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó lè dì dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ kan tàbí méjì síra, lábẹ́ ibòji, nígbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá tutù. Omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan iyanrìn dànù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni kí ẹ lò: ọ̀kan fún ọṣẹ tí pH rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe kan tàbí bó ṣe ta tó) ò jìnnà sí 7, ìkejì fún omi tí ẹ ó máa fi ṣan ohun ìfọkọ̀ kí ẹ tó tún rì í bọnú ọṣẹ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì yẹn tí ẹ bá ṣe tán. Iyanrìn tó sùn síbẹ̀, ojú ọ̀dà ni ì bá máa yí kiri. Ẹ̀rọ ìfọmọ́tò oníbúrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Iyanrìn mọ́tò tó ṣáájú yín ló ń gbé bọ̀ wá sára tiyín. Aṣọ microfibre, èyí tí òwú rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, ni kí ẹ fi nù ún gbẹ, ẹ má sì fi oògùn tí í mú aṣọ rọ̀ fọ aṣọ náà. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti òkú kòkòrò kì í dúró de ọjọ́ ìfọkọ̀: ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ mú un kúrò lọ́jọ́ náà.

Bí afọkọ̀ bá wá ní òun fẹ́ bá yín fi polish ra á kó lè dán, ẹ dá a dúró. Lẹ́búlẹ́bú tó wà nínú polish ń fá ojú ọ̀dà ni, máíkírọ́ọ̀nù 1 tàbí 2 yẹn ló sì máa kọ́kọ́ fá lọ. Wáàsì (wax, ìda tí wọ́n fi ń mú ọ̀dà dán) ní tirẹ̀ ò fá a, ṣùgbọ́n á bò ó, iṣẹ́ wáàsì ni ẹ ó sì máa rí títí yóò fi ṣí. Èyí tó bá a mu ni oògùn fífọ́n tí silica wà nínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń lò ní oṣù díẹ̀ díẹ̀ síra, lórí ọ̀dà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́.