Pípààrọ̀ rọ́bà ikùn pẹ̀lú oògùn ìtòògbé: níbo gan-an ni ewu rẹ̀ wà?

Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, iyán Èkìtì di ohun tó ń fojú rí lásán. Rọ́bà ni dókítà máa fi sí i níkùn, kí oúnjẹ olómi lè máa gba ibẹ̀ wọ àpòlúkù tààrà.

Rọ́bà a máa gbó. Èyí tí fèrè kékeré (bàlúùnù) tí wọ́n rọ omi sí ń dì mú nínú sábà máa ń lo oṣù 3 sí 6. Ìpààrọ̀ tiẹ̀ ò le: nọ́ọ̀sì á fi síríǹjì fa omi inú fèrè jáde, á yọ tàtijọ́, á ti tuntun bọ ojú ihò kan náà. Kì í sábà gba oògùn kankan. Àwọn tí wọ́n máa ń fún ní oògùn ìtòògbé ni àwọn tí orí rọ́bà wọn tó wà nínú àpòlúkù le, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ oníkámẹ́rà ló máa gba ẹnu wọlé lọ yọ ọ́, àti ẹni tí kò lè dúró jẹ́ẹ́.

Midazolam wọ́pọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí. Kì í ṣe oorun iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá pe aláìsàn, á ṣì dáhùn. Ṣùgbọ́n mímí rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, ohun tó wà níkùn sì lè gòkè wá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ ọn níka láti máa wo ọ́síjìn ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń ní kó gbààwẹ̀: wákàtí 6 sí oúnjẹ, 2 sí omi lásán. Ibí yìí gan-an ni ẹbí ti ń ṣìṣe o. Wọ́n á ní bàbá ò fẹnu kan nǹkan láti àná, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti da mílíìkì sí rọ́bà kí wọ́n tó kúrò ní Ìkọ̀lé. Oúnjẹ inú rọ́bà, oúnjẹ ni.

Lójú tèmi, oògùn kọ́ ló yẹ kó bani lẹ́rù jù. Ihò ni. Bí ihò ò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 4, ó lè má tíì jinná, rọ́bà tuntun sì lè yà bàrá, kó bọ́ sí ìta àpòlúkù. Oúnjẹ tí wọ́n bá dà sí i níbẹ̀ lè sọ gbogbo inú di egbò, ó sì ń pani. Ẹni tó ń tòògbé ò ní tètè pariwo pé inú ń dun òun. Nítorí náà, kí ojú rẹ̀ dá kí oúnjẹ àkọ́kọ́ tó wọlé, kí wọ́n sì ti fa omi díẹ̀ látinú rọ́bà, kí wọ́n fi bébà wò ó pé ó kan bí omi àpòlúkù ṣe ń kan: pH (òǹkà bí nǹkan ṣe kan tó) 5.5 tàbí kó dín. Bí kò bá dá wọn lójú, kí wọ́n ya X-ray.

Ọjọ́ náà ló máa padà sílé, pẹ̀lú àgbàlagbà tó máa sìn ín. Ọ̀kadà kọ́ o.

Bí rọ́bà bá já bọ́ nílé, láàárín wákàtí díẹ̀ ni ihò ti ń pa dé. Ẹ má fọwọ́ ara yín tì í padà. Ẹ gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù ńlá ní Adó tàbí Ìdó, kí ẹ sì mú rọ́bà tó já náà dání kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó.