Yíyan sítóòfù onígi fún agbègbè tí òfin ti ká èéfín lọ́wọ́ kò

Sítóòfù onígi tí kì í rú èéfín púpọ̀ ni sítóòfù onírin tí wọ́n ṣe lọ́nà tí gáàsì tó ń jáde lára igi yóò fi jóná tán nínú rẹ̀ kó tó bọ́ sínú ọ̀pá èéfín. Ó yàtọ̀ sí ààrò tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ooru rẹ̀ máa ń bá èéfín gòkè lọ, ó sì yàtọ̀ sí sítóòfù àtijọ́ tó kàn jẹ́ àpótí irin onílẹ̀kùn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú olótùútù tí wọ́n ti ń fi igi mú ilé móoru, irú rẹ̀ nìkan ni òfin ṣì gbà láàyè. Ìwé ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè tí wọ́n bá fẹ́ rà á, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó. Sítóòfù tó gba àmì tó dára jù lọ lè fi èéfín bo àdúgbò bí ó bá tóbi ju yàrá rẹ̀ lọ, tàbí bí ó bá jẹ́ igi tútù ni wọ́n ń kó sí i.

Òfin àti ìtàn rẹ̀

Láti ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1952, kùrukùru tó dàpọ̀ mọ́ èéfín bo ìlú Lọ́ńdọ̀nù débi tí ọkọ̀ kò fi ríran lójú pópó mọ́. Èédú tí wọ́n ń sun nínú ilé àti nílé iṣẹ́ ló fà á jù. Ìṣirò ìjọba nígbà náà ni pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn ló kú. Ìwádìí tó wáyé lẹ́yìn náà gbé iye náà dé nǹkan bí 12,000. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló bí Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́ ti ọdún 1956, tó fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlú Ọba lágbára láti kéde agbègbè ìdarí èéfín. Wọ́n tún un ṣe ní 1968, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú òfin kan ṣoṣo ní 1993.

Nínú agbègbè bẹ́ẹ̀, igi kò sí lára ohun ìdáná tí òfin fọwọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ sun igi gbọ́dọ̀ lo sítóòfù tí wọ́n ti dán wò, tí ìjọba sì ti yọ sọ́tọ̀ nínú òfin náà. Defra, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká àti oúnjẹ, ló ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Ẹ́ńgíláǹdì. Ìwọ̀n èéfín tí wọ́n fi ń dán wọn wò jẹ́ gíráàmù 5 ní wákàtí kan, wọ́n á wá fi gíráàmù 0.1 kún un fún kìlówáàtì 0.3 kọ̀ọ̀kan tí sítóòfù náà lè mú jáde. Látìgbà tí Òfin Àyíká ti ọdún 2021 ti dé, ìjọba ìbílẹ̀ ní Ẹ́ńgíláǹdì lè bu owó ìtanràn tó jẹ́ pọ́n-ùn 175 sí 300 lé ilé tí ọ̀pá rẹ̀ bá ń rú èéfín nínú agbègbè náà, láì gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó bá ra ohun ìdáná tí òfin kò fọwọ́ sí, tó fẹ́ lò ó nínú sítóòfù tí Defra kò gbà, lè san tó 1,000 pọ́n-ùn.

Ibòmíràn ní tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2020, sítóòfù onígi tuntun kò gbọdọ̀ tú ju gíráàmù 2.0 eruku èéfín sílẹ̀ ní wákàtí kan, tàbí 2.5 bí ó bá jẹ́ igi gidi bíi ti inú ilé ni wọ́n fi dán an wò. Ìlú Montréal ní Kánádà ti fòfin de gbogbo èyí tó bá kọjá gíráàmù 2.5 láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, kódà wọn kì í gbà kí a dáná sí èyí tó yege lọ́jọ́ tí ìjọba bá ti kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ ìlú kò dára. Ní New Zealand, sítóòfù tí wọ́n bá gbé sórí ilẹ̀ tí kò tó hẹ́kítà 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005 kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 1.5 lọ fún kìlógíráàmù igi kọ̀ọ̀kan. Jámánì ní tirẹ̀ ń fi mílígíráàmù inú mítà oníhà mẹ́ta èéfín wọ̀n ọ́n, ó sì fún ọ̀pọ̀ sítóòfù àtijọ́ ní gbèdéke ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024: kí wọ́n tún wọn ṣe, tàbí kí wọ́n pa wọ́n tì. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ìwé sítóòfù méjì síra wọn ní láti kọ́kọ́ wò bóyá òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n lò. Gíráàmù ní wákàtí kan àti mílígíráàmù nínú mítà oníhà mẹ́ta kì í ṣe ohun tí a lè fojú lásán fi wéra.

Ohun tí èéfín jẹ́

Bí igi bá wọ inú iná, omi inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbẹ. Títí omi yẹn yóò fi gbẹ tán, ibi tí ó wà nínú igi kò ní gbóná ju nǹkan bí 100°C lọ, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Lẹ́yìn èyí, láàárín 200°C sí 300°C, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká, gáàsì àti ooru ọlọ́dà á sì máa jáde lára rẹ̀. Ohun tó ju ìdajì lọ nínú agbára igi ló wà nínú gáàsì wọ̀nyí. Bí wọ́n bá pàdé atẹ́gùn tó tó níbi tí ó gbóná tó 600°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ iná ni wọ́n á dà. Bí wọ́n bá pàdé irin tútù, tàbí tí atẹ́gùn bá wọ́n, wọ́n á gòkè bí èéfín, díẹ̀ nínú wọn á sì lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá bí ọ̀dà tó lè gbiná lọ́jọ́ kan. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ ni ògúnná, òun kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Èéfín, lọ́rọ̀ kan, jẹ́ ohun ìdáná tí wọ́n fowó rà tí kò jó.

Eruku kíkúná tó wà nínú èéfín yìí ni àwọn oníṣègùn ń kọminú sí jù lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5 kò nípọn ju ìdá 2.5 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà lọ, ó sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2021, sọ pé ìpíndọ́gba rẹ̀ lọ́dún kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà oníhà mẹ́ta afẹ́fẹ́.

Ohun tí sítóòfù òde òní wá ṣe ni pé ó pín atẹ́gùn sọ́nà. Atẹ́gùn àkọ́kọ́ ń gba ìsàlẹ̀ wọlé láti ran igi. Èkejì ń gba ojú ọ̀nà tó yí ẹ̀yìn irin ká, ó á ti gbóná kó tó yọ lókè, níbi tí gáàsì wà, apá kan rẹ̀ á sì máa ṣàn wálẹ̀ lójú gíláàsì kí gíláàsì má baà dúdú. Òmíràn tún ní ihò wẹ́wẹ́ lára ògiri ẹ̀yìn. Bí iná bá mú dáadáa, ọwọ́ iná máa ń hàn níwájú ihò wọ̀nyí bí ẹni pé láti ibẹ̀ ló ti ń tú jáde. Bíríkì ìdáná-mọ́ra tó wà nínú sítóòfù ń mú kí ibi iná gbóná sí i. Àwọn kan lo katalísítì, ìyẹn afárá seramiki tí wọ́n fi irin olówó iyebíye bíi pàlàtíníọ̀mù bò, tó ń jẹ́ kí èéfín jóná níbi tí kò gbóná tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi, àmọ́ ó ń gbó, pákó oníkùn-ún tàbí ọ̀rá tí wọ́n bá sun níbẹ̀ sì máa ń bà á jẹ́.

Ohun kékeré kan ló sì máa ń ya sítóòfù tí Defra yọ sọ́tọ̀ sí èkejì rẹ̀ tí kò sí lórí àkọsílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ti iléeṣẹ́ kan náà wá: ìdènà irin tí kò jẹ́ kí ọ̀pá tó ń darí atẹ́gùn òkè pa dé pátápátá. Àṣà àtijọ́ ni pé kí a kó igi kún inú sítóòfù lálẹ́, kí a pa gbogbo atẹ́gùn, kí ó lè máa jó díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àṣà yẹn gan-an ló ń bí èéfín tó burú jù, ìdènà náà ni kò sì jẹ́ kó ṣeé ṣe mọ́. Àwọn kan tó ra irú sítóòfù yìí máa ń tú ìdènà náà kúrò; bí wọ́n bá ti tú u, kì í ṣe ohun tí wọ́n dán wò ni wọ́n ń lò mọ́.

Bí ó ṣe yẹ kó tóbi tó

Níbí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ènìyàn máa ń rò pé èyí tó bá tóbi ló dára, nítorí pé a lè dín iná rẹ̀ kù. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé sítóòfù ńlá tí wọ́n dín iná rẹ̀ kù kì í gbóná tó láti sun gáàsì igi, èéfín ni yóò máa rú títí. Sítóòfù kékeré tó ń jó kíkan kíkan sàn jù ú lọ.

Ìṣirò tí àwọn tó ń tà á ń lò ni pé kí a wo gígùn yàrá lọ́nà ìbú lọ́nà gíga rẹ̀ ní mítà, kí a wá fi 14 pín in. Yàrá tó jẹ́ mítà 5 lọ́nà 4, tí àjà rẹ̀ ga tó 2.4, yóò mú 48 jáde. Tí a bá fi 14 pín in, ó di nǹkan bí kìlówáàtì 3.4. Iye tí a fi ń pín in yẹ kó pọ̀ sí i bí ogiri àti fèrèsé ilé náà kò bá jẹ́ kí ooru jò, kó sì dín kù bí ilé náà bá jẹ́ ti àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kìlógíráàmù kan igi gbígbẹ ń mú nǹkan bí kìlówáàtì-wákàtí 4 wá, sítóòfù tó dára á sì fi nǹkan bí 3 nínú rẹ̀ fún yàrá. Yàrá tí a ń sọ yìí kò nílò ju igi tó lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù kan lọ ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá gbé sítóòfù oníkìlówáàtì 8 sí i, ẹni tó jókòó níbẹ̀ ní láti yàn láàárín kó ṣí fèrèsé àti kó pa atẹ́gùn iná, kò sì sí ẹni tó ń ṣí fèrèsé nígbà òtútù.

Ìdí mìíràn tún wà ní Ẹ́ńgíláǹdì tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣe ọ̀pọ̀ sítóòfù ní kìlówáàtì 4.9 tàbí 5. Bí ó bá ti kọjá 5, ìlànà ilé kíkọ́ béèrè fún ihò atẹ́gùn tí kò ní ìdérí lára ogiri. Ilé tuntun tí afẹ́fẹ́ kì í jò wọlé rẹ̀ nílò ihò náà bó ti wù kí sítóòfù kéré tó.

Kíka àmì ara rẹ̀

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2022, gbogbo sítóòfù onígi tuntun tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù àti ní Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ bá ìlànà Ecodesign mu. Fún èyí tó ní ilẹ̀kùn, eruku kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 40 lọ nínú mítà oníhà mẹ́ta èéfín, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún agbára igi ó kéré tán sì gbọ́dọ̀ di ooru fún ilé. Èyí tó ń lo péláẹ̀tì igi, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n tẹ̀ di wóró wóró, ní ìwọ̀n tó le ju èyí lọ, 20 dípò 40.

Ecodesign kì í ṣe ìyọsọ́tọ̀ ti Defra. Ọ̀tọ̀ ni àyẹ̀wò méjèèjì, sítóòfù kan sì lè ní èyí kó má ní ìyẹn. Orúkọ tó wà lórí àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára irin mu lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn orúkọ ló sábà ń fi ẹ̀dà tó yege hàn. Àkọsílẹ̀ náà tún máa ń sọ irú ohun ìdáná tí wọ́n gbà fún un. Bí ó bá sọ igi nìkan, ẹni tó bá da èédú sí i ti kúrò lábẹ́ ààbò òfin.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé lẹ́yìn tí sítóòfù bá ti gbóná ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò Ecodesign. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáná ni èéfín máa ń pọ̀ jù nínú ilé, èyí kò sì sí nínú iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Títo igi ńlá sísàlẹ̀, kí igi wẹ́wẹ́ wà lókè, kí a sì ṣáná sí i láti òkè, ń dín in kù, torí pé gáàsì tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ á máa gba inú ọwọ́ iná kọjá. Síbẹ̀, eruku sítóòfù tó dára jù lọ ṣì pọ̀ ju ti ẹ̀rọ agbáná onígáàsì lọ fíìfíì.

Igi

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ ìdajì omi. Èyí tó yẹ fún sítóòfù kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2021, igi tí wọ́n bá tà ní Ẹ́ńgíláǹdì tí kò tó mítà oníhà mẹ́ta 2 gbọ́dọ̀ gbẹ dé ìwọ̀n yìí, kó sì ní àmì Ready to Burn (“ó ti tó jó”). Ẹni tó ń sá igi tirẹ̀ ní láti là á kó tó tò ó síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kó bo orí rẹ̀, kó má bo ẹ̀gbẹ́. Ó máa ń gbà tó ọdún kan sí méjì, igi líle sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kékeré alábẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi kò wọ́n, ṣùgbọ́n ara igi lóde kọ́ ni a ti ń fi wọ̀n ọ́n. A á la igi náà lẹ́ẹ̀kan sí i, a á wá tẹ abẹ́rẹ́ náà mọ́ ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, torí pé ẹ̀yìn igi máa ń gbẹ ṣáájú inú.

Gbígbé e kalẹ̀

Ọ̀pá èéfín tó gùn tó mítà 4.5 sókè tààrà ló máa ń fà dáadáa. Ní Ẹ́ńgíláǹdì àti Wales, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bíi HETAS lè gbé sítóòfù kalẹ̀ kó sì fọwọ́ sí iṣẹ́ ara rẹ̀. Bí kì í bá ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀rọ tó ń dún bí gáàsì kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì bá wà nínú yàrá pọn dandan, a sì gbọ́dọ̀ gbá inú ọ̀pá ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Sítóòfù àlòkù ni ó nílò ìṣọ́ra jù. Ìlànà Ecodesign dá lórí èyí tí wọ́n ń tà ní tuntun, nítorí náà títa èyí tó ti pẹ́ kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n òfin agbègbè ìdarí èéfín kò wo ọjọ́ orí. Bí wọ́n bá ti gé àwo irin kékeré tó ní orúkọ sítóòfù náà lára kúrò, kò sí ọ̀nà tí ẹni tó rà á yóò gbà fi hàn ìjọba ìbílẹ̀ pé ó wà lórí àkọsílẹ̀.