Ibi tí ìbọn ẹlẹ́tù ti ń dójú tini

Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àwọn ọdẹ bá ń yin ṣakabùlà sókè, ẹnu ìbọn tí èéfín ń gbà jáde ni gbogbo ojú ń wò. Ọdẹ fúnra rẹ̀, ìdí ìbọn ló ń ṣọ́. Ibẹ̀ ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìbọn ti ń kọ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbọn ìléwọ́ oníhò mẹ́fà tí wọ́n lò nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láàárín 1861 sí 1865, tí ilé-iṣẹ́ Uberti àti Pietta ní Ítálì ṣì ń rọ irú rẹ̀ títí dòní. Ẹ̀tù àti ọta ń gba iwájú wọ ihò kọ̀ọ̀kan àgbá rẹ̀ tó ń yí. Lẹ́yìn ihò ni ọmú irin kékeré wà tí wọ́n ń fi kápù dé. Kápù ni ìdérí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí oògùn inú rẹ̀ ń ta iná bí wọ́n bá gbá a. Òòlù á gbá kápù, iná á gba inú ọmú lọ bá ẹ̀tù.

Ti Colt 1860, tí ilé-iṣẹ́ Colt ní Amẹ́ríkà ṣe, kò ní irin lókè àgbá. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gbá wọ ẹ̀gbẹ́ ló so ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ìdí. Remington 1858, ti ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn, ní irin tó gba orí àgbá kọjá, ó le ju ti Colt lọ, àmọ́ èérí ẹ̀tù tètè ń dí àgbá rẹ̀ lọ́wọ́ láti yí. Colt ló rẹwà jù, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà, Remington ni kó mú. Àwọn kan wà tí ara wọn jẹ́ idẹ: wọ́n dán, owó wọn kéré, ṣùgbọ́n idẹ rọ̀ ju irin lọ, bí ẹ̀tù bá ń pọ̀ jù, díẹ̀díẹ̀ ni ara ìbọn á máa fà.

Kí owó tó jáde lápò, ẹ jẹ́ kí ìbọn ṣófo, kí ẹ rọra fa òòlù sẹ́yìn. Kí òòlù tó dúró tán, ó yẹ kí àgbá ti há pinpin, kí ihò sì dojú kọ ọ̀pá gban-an. Ìgbà mẹ́fà ni ẹ ó ṣe é, nítorí ihò kan ṣoṣo lè yà bàrá.

Kápù ló ń fa wàhálà jù. Bó bá ti dún, ó máa ń fọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Èèpo ọ̀hún á já sábẹ́ òòlù, àgbá kò ní lè yí mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yìn fi ń gbé ẹnu ìbọn sókè bí wọ́n bá ń fa òòlù, kí èèpo lè bọ́ sílẹ̀. Ìdí náà nìyí tí àtúnṣe àkọ́kọ́ fi sábà máa ń jẹ́ pípààrọ̀ ọmú sí èyí tí kápù á dì mọ́ dáadáa. Bí wọ́n bá yìn ín tán, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni, lọ́jọ́ náà gan-an, torí èérí ẹ̀tù máa ń fa omi, ìpẹtà kì í sì í pẹ́ dé.

Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn 1959 ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí èèwọ̀, títí kan oníkápù, àfi tí Ààrẹ bá fún èèyàn ní ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà wà ní ìpele tirẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ kò sì tó bẹ́ẹ̀ ga.