Kí ló dé tí béárìn gòkáàtì wa ń ké?

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ń kan gòkáàtì (ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń sáré) ní Ìkéré. Béárìn 6204 (òrùka irin méjì tí bọ́ọ̀lù kéékèèké wà láàárín wọn, tó ń jẹ́ kí ṣáàfù yí wẹ́rẹ́) la rà fún ṣáàfù ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí táyà, ajórin sì bá wa jó o mọ́ férémù. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ní eré ẹ́ńjìnnì ló pọ̀ jù fún un. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó, àbúrò. Irọ́ ni. Bí ẹ bá ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan, táyà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 25 láti ilẹ̀ dé òkè kò ní yí ju bíi ìgbà 850 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Eré ọmọdé nìyẹn lójú 6204. Iná ajórin ló pa á: ó yọ́ gíríìsì inú rẹ̀, ó sun rọ́bà, ó sì lọ́ òrùka ìta. Ẹ tú u, kí ẹ fi ìka yí òrùka inú. Bó bá ń ha ẹ lọ́wọ́ bí ìgbà tí yanrìn wà níbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Ìbéèrè: Nọ́ńbà tó wà lára béárìn ńkọ́, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Méjì tó kẹ́yìn ni kí ẹ wò, kí ẹ fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀. 04 jẹ́ ihò mílímítà 20, 05 jẹ́ 25. (02 àti 03 kò tẹ̀ lé òfin yìí o, 15 àti 17 ni tiwọn.) Bí wọ́n bá kọ 2RS tẹ̀ lé nọ́ńbà náà, rọ́bà ló bo ojú rẹ̀ méjèèjì; bó bá jẹ́ ZZ, irin ló bò ó. Pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa tiwa yìí, rọ́bà ni kí ẹ mú.

Ìbéèrè: Èwo la ó wá rà?

Ìdáhùn: Ẹ fi béárìn ìhòòhò sílẹ̀. Ẹ béèrè pillow block, èyí tó ti wà nínú ilé irin tirẹ̀, irú èyí tó gbé ṣáàfù ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Bóòtù méjì ló ń dè é mọ́ férémù. Ẹ̀yìn béárìn inú rẹ̀ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, nítorí náà bí férémù bá wọ́ díẹ̀, á fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ṣáàfù. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni yóò máa gùn ún, pillow block tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ UCP205 ni tèmi, pẹ̀lú ṣáàfù mílímítà 25. Ẹ gbé e sún mọ́ táyà dáadáa, torí ṣáàfù tó bá yọ síta jù yóò tẹ̀.

Ẹ mú ṣáàfù dání lọ sọ́jà. Bó bá ń mì nínú ihò, ẹ má sanwó. Kí ajórin sì parí gbogbo iná rẹ̀ kí ẹ tó yọ béárìn nínú páálí.